Elésè Àlùkò Etí Àwòrán

Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Àbíkẹ́yìn mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Èmi náà wà dáadáa. Àkàbà kan ṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò sẹ́ni tó wà lórí rẹ̀. Ìkíni ti parí.

Mo mọ̀ pé a sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní Sọ́ńdè. Ṣùgbọ́n o mọ òfin ilé wa: fóònù wà fún ìkíni, ìwé wà fún ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò sí lórí ìwé, bí ẹni fi omi kun ògiri ni. Tó bá gbẹ tán, kálukú á ní òun ò rí nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ náà rèé. Ọdún mẹ́ta lo ní o máa lò lókè òkun lọ́hùn-ún. Ọdún karùn-ún la wà yìí. O ti kàwé tán, wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́ ìdánwò olóṣù mẹ́fà. Tí oṣù karùn-ún ọdún yìí bá ń parí lọ, wọ́n á sọ bóyá wọ́n fẹ́ ọ tàbí wọn ò fẹ́ ọ. Jẹ́ ká fẹnu kò báyìí. Tí wọ́n bá gbà ọ́, mo dákẹ́, mi ò ní dárúkọ ilé mọ́. Tí wọn ò bá gbà ọ́, kò sí "ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú níbòmíràn". Wá sílé, wá gba ilé-iṣẹ́ ọ̀dà yìí lọ́wọ́ mi. Akunlé mọ́kànlá, ṣọ́ọ̀bù méjì, èmi nìkan ni mò ń sáré láàárín wọn. Orúnkún mi ò fẹ́ràn àkàbà mọ́.

Mo ti ní kí káfíńtà gbẹ́ pátákó tuntun fún iwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kó fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn orúkọ mi.

Ìbéèrè kan tún kù: kí gan-an lò ń ṣe níbẹ̀? Ìyàwó Fọ́mánù bi mí, mo ní ò ń wo sánmà. Ó ní, "Gbogbo wa kọ́ là ń wò ó ni?" Kọ ọ́ lọ́nà tó máa fi yé Fọ́mánù àti àwọn akunlé rẹ̀. Má fi gírámà pa wá.

Mò ń retí èsì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kì í ṣe oṣù mẹ́ta.

Ìyá rẹ,
Alákòóso Àgbà


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta

Mọ́mì mi, Alákòóso Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ewu àkàbà.

Mo gbà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo gbà: tí wọn ò bá mú mi, mo ń bọ̀ wálé. Ṣùgbọ́n wọ́n máa mú mi, Mọ́mì. Ẹ sọ fún káfíńtà kó má yára.

Iṣẹ́ mi rèé. Ẹ̀rọ kan wà lókè réré, sátẹ́láìtì, tó ń ya àwòrán òkun àti sánmà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Ojú rẹ̀ kì í ṣe bíi tiwa. Ooru ló ń wọ̀n: èyí tó ń ti ojú òkun bọ̀, èyí tó ń ti orí ìkùukùu bọ̀, èyí tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ gbé mì lójú ọ̀nà. Nọ́ńbà lásán ni gbogbo rẹ̀. Kọ̀ǹpútà á wá po nọ́ńbà wọ̀nyẹn pọ̀ bí ẹ ṣe ń po ọ̀dà, bí ẹni ní agolo mẹ́ta: pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró. Àwọ̀ tó bá jáde ló ń sọ irú afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀. Àwọ̀ ewé ni afẹ́fẹ́ olóoru tó kún fún ọ̀rinrin. Oúnjẹ ìjì nìyẹn. Pupa bíi bíríkì ni afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń já bọ̀ láti òkè. Elésè àlùkò ni afẹ́fẹ́ tútù tó ti ìhà òtútù ayé wá. Ìkùukùu gíga, tó jẹ́ ìjì fúnra rẹ̀, á funfun.

Lọ́dún tó kọjá, ìjì líle kan gbéra lójú òkun olóoru. Gbogbo èèyàn ní ó máa kọlu èbúté, wọ́n kó àwọn ará etíkun kúrò nílé. Lọ́jọ́ kẹta, ó kàn tú ká sójú omi bí ìfófòó ọṣẹ. Ní ọ́fíìsì wa, wọ́n ní omi òkun tó tutù ló pa á. Èmi ní rárá, afẹ́fẹ́ ni. Mo rí pupa tó yí i ká bí ọwọ́ tó fẹ́ fún un lọ́rùn, mo sì rí elésè àlùkò tó ń yọ́ bọ̀ láti etí àwòrán. Òtútù àti ọ̀gbẹlẹ̀ ló pawọ́ pọ̀ pa á. Mọ́mì, kò sẹ́lòmíì tó rí àlùkò yẹn! Èmi nìkan.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ni mo máa gbé e kalẹ̀ níwájú Ọ̀gá Má-kánjú àti àwọn mẹ́ta mìíràn. Òun ni wọ́n máa fi pinnu ọ̀rọ̀ mi. Àwa ọmọ iṣẹ́ la sọ ọ̀gá wa ní Má-kánjú. Tí iná bá ń jó ọ́fíìsì, á ní ká kọ́kọ́ jókòó ná.

Àwòrán náà wà nínú àpòòwé yìí. Ẹ má fi nu búrọ́ọ̀ṣì o.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Àbíkẹ́yìn,

Lẹ́tà rẹ dé. Fọ́mánù kà á, ó yé e, ó ní òun náà lè ṣe iṣẹ́ yẹn. O ṣeun.

Mo lẹ àwòrán rẹ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì àwọ̀. Àṣìṣe gbáà. Kó tó di ọ̀sán, dókítà eléyín tó ń kọ́ ilé ìtọ́jú sí òdì-kejì títì wọlé. Mo fi gbogbo àwọ̀ ewé tí a ní hàn án. Èyí dúdú jù, tọ̀hún jọ ewé gbígbẹ. Bó ṣe yíjú báyìí:

"Èyí ńkọ́?"

"Ìjì ni yẹn, sà."

"Ẹ bá mi po ìjì yẹn. Ògiri mẹ́rin."

Agolo méje ni mo bà jẹ́ kó tó bá tinú àwòrán mu. Ó dára o. Àwọn tó ń bọ̀ wá yọ eyín á máa jókòó sáàárín oúnjẹ ìjì.

Ó yá, iṣẹ́. Ẹni tó kun àwòrán yìí kò mọ etí í ṣe. Ayé rí roboto nínú rẹ̀ bí ìdérí agolo, àbí? Mo yí i po. Àlùkò rẹ wà létí lápá òsì, níbi tí ìjì wà. Ó wà létí lókè àti nísàlẹ̀. Ìyẹn mo lè gbà, o ní ibẹ̀ ni ìhà òtútù. Ṣùgbọ́n ó tún wà létí lápá ọ̀tún, ní agbede-méjì gan-an, níbi tí ooru ti ń pa èèyàn, tí o ò sì dárúkọ ìjì kankan. Ṣé gbogbo etí ayé ni òtútù mú lọ́jọ́ kan náà?

Rántí àwọn akunlé méjì tó fẹ́ lu ara wọn nítorí ògiri gbọ̀ngàn. Ọ̀kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó, ó ní àwọ̀ ìparí ògiri yàtọ̀, pé ẹnì kejì òun gbé agolo mìíràn. Mo fà á létí, mo mú un dúró síwájú ògiri. Àwọ̀ kan náà ni. Láti ọjọ́ yẹn ló ti di òfin: dúró níwájú ògiri kí o tó sọ̀rọ̀ ògiri.

Ẹ̀rọ yín ńkọ́, ibo ló wà? Ṣé òkè orí ìjì náà gan-an ni, àbí ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó láti ọ̀nà jíjìn? Dáhùn. Mi ò ṣàwàdà.

Mo gbọ́ ikọ́ lẹ́nu rẹ ní Sọ́ńdè. Ra síwẹ́tà tó nípọn. Èyí tí o wọ̀ nínú fọ́tò yẹn, aṣọ ìnusẹ̀ ni.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹrin

Mọ́mì,

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ bá mi kí dókítà eléyín. Mo ti ra síwẹ́tà.

Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe wà lọ́kàn mi. Èyí kì í ṣe ògiri. Ọdún méje ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, mẹ́ta nílé, mẹ́rin níbí. Mi ò wá sí ṣọ́ọ̀bù rí kí n wá sọ fún yín pé ọ̀dà yín ò gbẹ. Ọ̀gá Má-kánjú fúnra rẹ̀ ti wo iṣẹ́ náà, kò rí àléébù kankan sí àlùkò. Ó ní, "Ó ń lọ dáadáa, máa wò ó." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wo àwòrán kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì àwọ̀ lẹ wá rí i.

Mo mọ ohun tó fà á. Pátákó yẹn ni. Ẹ fẹ́ kí iṣẹ́ náà já mọ́ mi lọ́wọ́.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méje ó lé díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ráyè ṣe é.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹrin

Àbíkẹ́yìn,

Lẹ́tà rẹ dé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni tó fẹ́ kí ọmọ òun ṣubú kì í ké "wo iwájú rẹ". Dídákẹ́ ni ǹ bá dákẹ́.

Ìbéèrè mi kò tíì gba èsì: ibo ni ẹ̀rọ náà wà?

Káfíńtà ti gbé pátákó dé.

Ìyá rẹ

(Lẹ́yìn ìwé náà, pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń sàmì sára ògiri:)

Ọmọ wa, èmi Fọ́mánù ni. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́, ìyá rẹ ò mọ̀ pé mo kọ nǹkan sí i. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà rẹ dé, kò bú ẹnikẹ́ni láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀rù bà wá. Akunlé kan mọ̀ọ́mọ̀ da ọ̀dà sílẹ̀ kí ara lè tù wá, ìyá rẹ kàn ní kó nù ún. Jọ̀ọ́, wá nǹkan sọ fún un. Ó tún ní kí n gun àga, kí n fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo àwòrán rẹ. Mo gùn ún. Mi ò rí nǹkan kan. Mo ní mo rí i.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún

Àbíkẹ́yìn,

Ó pé ọjọ́ mẹ́rìnlélógún tí mo ti kọ̀wé. Ní Sọ́ńdè, o bi mí léèrè orúnkún mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó bá béèrè orúnkún lẹ́ẹ̀mẹta ń pa nǹkan mìíì mọ́.

Mo ti rò ó. Níléèwé òwò tí mo lọ, wọ́n kọ́ wa pé alákòóso tó bá ń tọwọ́ bọ iṣẹ́ tí kò mọ̀ á ba iṣẹ́ náà jẹ́. Èmi ni mo gba máàkì tó pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ́ yẹn. Ó jọ pé mo ti gbàgbé rẹ̀.

Nítorí náà mo fa ìbéèrè mi sẹ́yìn. Gbé iṣẹ́ rẹ kalẹ̀ bó ṣe wà, mi ò ní sọ̀rọ̀ àlùkò mọ́. Mo ti ká àwòrán náà kúrò lára ògiri.

Máa jẹun.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù karùn-ún

Mọ́mì mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú sùúrù. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní in, ṣùgbọ́n ẹ kú u.

Ẹ̀rọ náà kò sí lókè ìjì. Èsì ìbéèrè yín nìyẹn. Ó jìnnà réré, ẹ̀gbẹ́ ojú ló fi ń wò ó.

Nígbà tí lẹ́tà yín ti oṣù kẹrin dé, tòun ti ọ̀rọ̀ Fọ́mánù lẹ́yìn, mo jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Lọ́jọ́ kẹta mo mú un jáde, mo ní kí n fi han Mọ́mì pé wọ́n ṣìnà. Mo kó àwòrán ọgbọ̀n ọjọ́ tí kò sí ìjì rárá. Àlùkò wà létí gbogbo wọn, ọgbọ̀n nínú ọgbọ̀n! Tí ẹ̀rọ bá ń wo etí ayé, ó ń wò ó níbùú. Afẹ́fẹ́ tí ojú rẹ̀ máa gbà kọjá nípọn ju ti àárín lọ, ooru tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á dín kù, kọ̀ǹpútà á sì kà á sí òtútù. Òtútù ò sí níbẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ó wà nínú ìwé tí mo kà lọ́dún kejì. Mo tiẹ̀ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀! Mo kàn fẹ́ràn àlùkò yẹn jù ni, torí pé èmi nìkan ló rí i.

Mo wá ṣe bí ẹ ṣe wí, mo lọ dúró níwájú ògiri. Ẹ̀rọ mìíràn wà tó wà lókè ibi tí ìjì náà gbà. Mo tọrọ àwòrán rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, ó sì gba ọjọ́ mọ́kànlá kó tó dé. Ìdí tí mo fi dákẹ́ nìyẹn. Nínú rẹ̀, àlùkò pòórá. Ṣùgbọ́n pupa wà níbẹ̀ kedere. Ó yí ìjì ká, ó sì wọ inú rẹ̀ lọ.

Ìdajì iṣẹ́ mi ti wó, ó sì ku ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Mo fẹ́ bẹ Ọ̀gá Má-kánjú kó sún un di oṣù kẹjọ. Á gbà, ohun tó fẹ́ràn jù láyé nìyẹn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé oṣù ìdánwò mi á ti parí, wọ́n lè ní kí n máa lọ ná. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí káfíńtà dí àyè orí pátákó yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ọmọ yín


Ogúnjọ́, oṣù karùn-ún

Àbíkẹ́yìn,

Mi ò rẹ́rìn-ín. Fọ́mánù ló rẹ́rìn-ín. Mo ní kó lọ fọ búrọ́ọ̀ṣì.

Lẹ́tà mi ti ọjọ́ kẹsàn-án, fà á ya. Ìbéèrè mi ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

O ò ní sún nǹkan kan síwájú. Gbọ́ mi. Lọ́dún tí a kun ilé ìkówèésí, mo fi ọ̀dà ìsàlẹ̀ tí kò yẹ kun ògiri kan. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n wá wò ó. Ṣé mo tọrọ oṣù mẹ́ta? Mo ránṣẹ́ pe ẹni tó ni iṣẹ́, mo mú un dé iwájú ògiri, mo ní, "Èyí ò dáa. Èmi ni mo ṣe é. Ìdí rẹ̀ nìyí, a ti ń fá a." Ẹnu yà á. Ilé méjì ló tún gbé fún wa lẹ́yìn ìyẹn. Àléébù tí o bá fọwọ́ ara rẹ fi hàn, iṣẹ́ ni. Èyí tí wọ́n bá bá lọ́wọ́ rẹ, ẹ̀sùn ni.

Nítorí náà, fá àlùkò kúrò, má sì fi aṣọ bo ibi tí o ti fá. Ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ. Gbé àwòrán méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i. Pupa tó kù yẹn ni ilé rẹ. Ilé tí ògiri kan wó lára rẹ̀, tí òpó rẹ̀ dúró, a kì í pè é ní àwókù.

Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Tí o bá kùnà, èmi ni mo jèrè. Pátákó wà níbí, ó ń wò mí. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ọmọ tó sá wálé nítorí ẹ̀rù. Àwọn tó ń sá fún àkàbà tí mo ní níbí ti tó mi.

Ọ̀nà kíákíá ni mo fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́, ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n sọ. Wọ síwẹ́tà.

Ìyá rẹ,
Alákòóso Àgbà


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Mọ́mì mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jókòó. Ẹ ní kí Fọ́mánù náà fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ kó jókòó.

Yàrá ìpàdé wa kéré: fèrèsé kan, tábìlì kan tí wọ́n fi páálí há sábẹ́ ẹsẹ̀ kó má bàa mì. Mo wọ síwẹ́tà. Mo lẹ àwòrán méjèèjì mọ́ ògiri, mo ní, "Oṣù mẹ́rin ni mo fi gba àlùkò yìí gbọ́. Irọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n fi bí mo ṣe ṣìnà hàn yín." Obìnrin kan nínú wọn tí kì í gbójú kúrò nínú ìwé gbójú sókè.

Mo wá gbé pupa kalẹ̀. Wákàtí méjì gbáko. Ẹni tó ní omi tútù ló pa ìjì bá mi fà á títí. Níkẹyìn, a fẹnu kò pé omi ṣe díẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ṣe púpọ̀, pé kí n lọ wo ìjì márùn-ún mìíràn kí n tó máa pariwo.

Ọ̀gá Má-kánjú wá bi mí, "Ta ló pe àkíyèsí rẹ sí etí àwòrán?"

"Ìyá mi ni, sà."

"Onímọ̀ sánmà ni wọ́n?"

"Rárá, sà. Wọ́n ń kun ilé."

Mo ní ó ti bù ṣe. Ó wá yíjú sí àwọn tó kù: "Gbogbo wa la ka iṣẹ́ yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, àbí? Èmi pàápàá ní ó ń lọ dáadáa." Gbogbo wọn ń wo tábìlì. Páálí tó wà lábẹ́ rẹ̀ náà ń wo ilẹ̀.

Wọ́n gbà mí, Mọ́mì! Wọ́n gbà mí pátápátá. Ọ̀gá Má-kánjú fọwọ́ sí ìwé náà lójú ẹsẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ sáré wá wò ó bóyá ara rẹ̀ yá. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fún mi ni kí n kọ ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn tuntun. Ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀: Dúró níwájú ògiri kí o tó sọ̀rọ̀ ògiri. Wọ́n ní ṣé kí á fi "ìjì" rọ́pò "ògiri". Mo ní rárá.

Mo mọ àdéhùn wa. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń yọ̀ náà ni mò ń rí àyè tó wà lórí pátákó yẹn lọ́kàn mi. Ẹ má dí i o. Tàbí kẹ́ ẹ dí i. Mi ò mọ èyí tó yẹ kí n tọrọ.

Ọmọ yín, ẹni tí wọ́n gbà


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹfà

Àbíkẹ́yìn mi, akun-sánmà,

Ní Sọ́ńdè, mo ní orúnkún ń dùn mí, o bú sẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀. Ṣùgbọ́n mo dúró de ìwé. Òfin ni òfin.

Ó dé lánàá. Mo gun orí àga, mo kà á fún gbogbo akunlé mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ń wo tábìlì, wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Tí wọn ò bá tiẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, ǹ bá tún un kà.

Dókítà eléyín ti gba àwòrán náà lọ́wọ́ mi, ó ti gbé e kọ́ sí yàrá tí wọ́n ti ń dúró de eyín yíyọ. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló fẹ́ gbé e sí. Mo ní rárá, iwájú àga.

Mo ní mo máa dákẹ́, mo ti dákẹ́. Nítorí náà, ohun tó kàn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé, ètò iṣẹ́ ni: ìsinmi rẹ, ọjọ́ wo? Mo fẹ́ ọjọ́ tó dájú, lórí ìwé. "Láìpẹ́" kì í ṣe ọjọ́.

Orúnkún mi ti bọ́ lọ́wọ́ àkàbà. Fọ́mánù ló ń bójú tó gbogbo iṣẹ́ ìta báyìí. Ó ń bú àwọn akunlé bí mo ṣe ń bú wọn. Kò tíì mọ̀ ọ́n bú tó mi, ṣùgbọ́n ó ń kọ́ ọ.

Ó ku pátákó. Mi ò fi àyè yẹn sílẹ̀ lófìfo, mi ò sì fi ẹlòmíì dí i. Ilé-iṣẹ́ tó bá ní ẹ̀ka níbòmíràn máa ń kọ ọ́ síta; wọ́n kọ́ wa níléèwé. Orúkọ mi wà níbẹ̀, "àti Ọmọ" tẹ̀ lé e, gàdàgbà. Mo ní kí wọ́n fi lẹ́tà kéékèèké kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: ògiri níbí, sánmà lọ́hùn-ún.

Fọ́mánù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Mọ́mì, 'àti Ọmọ' yìí mà ń yí sí àlùkò." Mo fà á létí, mo mú un jáde, mo mú un dúró síwájú rẹ̀ gan-an.

Pupa ni.

Ìyá rẹ,
Alákòóso Àgbà, Ẹ̀ka ti Ògiri